Go àbí Rust: èwo lẹ máa fi kọ web server tuntun? (ẹni tí ọ̀kan nínú wọn ti jó lọ́wọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá mi dúró ní Tanke n'Ílọrin pé èdè kọ̀ǹpútà wo, Go àbí Rust, ni kẹ́ ẹ fi kọ sáfà tiyín (web server, ètò tó ń gbé wẹ́bùsáìtì fún ẹni tó bá béèrè), ẹ jókòó. Mi ò ní wí pé Go rọrùn tàbí pé Rust le, kò sẹ́ni tí ò mọ ìyẹn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti kọ sáfà kékeré kan tó jẹ́ open source (kóòdù ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn) lẹ́ẹ̀mejì, a kọ́kọ́ fi Go kọ ọ́, a tún wá fi Rust kọ ọ́, owó wa ló sì kọ́ wa lóhun tí mo fẹ́ sọ yìí.

C, èdè àtijọ́ yẹn, ńkọ́? Sáfà Nginx àti Apache tí wọ́n fi C kọ dáa, wọ́n ti dàgbà. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí tó tún lọ mú C, wàhálà ló ń wá. Ẹ rántí Heartbleed, ihò ààbò tó ṣẹlẹ̀ sí OpenSSL (kóòdù C tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́) ní 2014. Bí ìgbà tẹ́nì kan na ₦50 sí ìyá aláta lọ́jà Ìpàtà, tó ní ₦1,000 lòún mú wá, tí ìyá ò wọwọ́ ẹ̀, tó kàn ń ka ṣéńjì fún un ni. Oníbàárà parọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ ṣe gùn tó, sáfà ò yẹ̀ ẹ́ wò, ló bá ń bu mẹ́mọ́rì tiẹ̀ fún un, tó fi mọ́ páswọ́ọ̀dù èèyàn. Ní 2019 Microsoft náà sọ pé nǹkan bí 70% nínú ihò ààbò tí wọ́n ń dí lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì ni. Go àti Rust ò gbà kẹ́ ẹ ka mẹ́mọ́rì kọjá ibi tó jẹ́ tiyín, ètò á kúkú dúró. Níbi tá a dé yìí, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ìgbà térò bá pọ̀ lẹ ó tó mọ̀yàtọ̀.

Ti Go àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ ọ́, torí net/http (kóòdù sáfà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) wà nínú Go fúnra ẹ̀, TLS (ààbò https) wà níbẹ̀, HTTP/2 (ọ̀nà tí bráúsà fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀) wà níbẹ̀, inú wa ń dùn ṣìnkìn. A gbé wẹ́bùsáìtì iléèwé kan lápá Òmù-Àrán sórí ẹ̀. Mo wá ní kí n máa ka iye ìgbà tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń kanlẹ̀kùn, kí ẹnì kan má baà dá gbogbo ẹ̀ gbà, mo bá fi map lásán (bí ìwé tí ètò ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí) ṣe é. Mo fi fóònù dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo fi láptọ́ọ̀pù dán an wò, ó ṣiṣẹ́, mo bá lọ sùn.

Alẹ́ ọjọ́ tí iléèwé gbé èsì ìdánwò jáde, gbogbo òbí ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, sáfà kú. Mo gbé e dìde, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún ó tún kú. Ọ̀gá iléèwé ń pè, "Alfa, èsì ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?", ó pè mí títí bátìrì fi tán, ìyàwó mi ní ṣé mo jẹ ẹ́ lówó ni. Mo wo lọ́ọ̀gù: fatal error: concurrent map writes. Ohun témi ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé tí ìbéèrè kan bá ṣubú, net/http á gbá a mú, àwọn yòókù á máa lọ. Òótọ́ ni, panic (ìṣubú tó ṣeé gbá mú) lèyẹn. Eléyìí kì í ṣe panic, wàláhì, kò sí recover (àṣẹ Go tó ń gbá panic mú) tó lè dì í mú, gbogbo ilé ló ń bá a wó. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ló ní goroutine (òṣìṣẹ́ kékeré nínú ètò) tiẹ̀, méjì nínú wọn ló tọwọ́ bọ map kan náà pọ̀. Map yẹn tiẹ̀ ṣàánú mi tó pariwo, ká ní nọ́ńbà lásán ni, á kàn máa ka èyí tí ò dáa lọ ni, mi ò sì ní mọ̀ títí dòní.

Mutex (àgádágodo tó ń jẹ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo wọlé lẹ́ẹ̀kan), ìlà bíi mẹ́ta, ló wò ó sàn. Go ní -race, àyẹ̀wò tó lè bá yín rí irú ẹ̀, àmọ́ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀ nìkan ló ń rí, nígbà tó sì jẹ́ èmi nìkan ni mò ń ná ọjà ara mi, kí ló fẹ́ rí?

Nígbà tá a wá ń fi Rust kọ ọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ tún àṣìṣe yẹn ṣe. HashMap (map ti Rust) lásán, thread (òṣìṣẹ́ nínú ètò) méjì. Rust ò gbà. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, kò gbà, àfìgbà tí mo kó o sínú Arc (ohun tó ń jẹ́ kí thread púpọ̀ jọ ní nǹkan kan) àti Mutex. Inú bí mi tí mo fi pa láptọ́ọ̀pù dé, mo lọ ra wàrà jẹ. Ṣùgbọ́n inú yàrá mi ni Rust ti bá mi wí, òbí kankan ò gbọ́ sí i. (Deadlock, kí òṣìṣẹ́ méjì máa dúró de ara wọn títí, ṣì lè ṣẹlẹ̀ o, ẹ má ní mi ò sọ.)

Kẹ́ ẹ má wá rò pé wọ́n fún mi lówó, Rust ń jẹ epo. Kò ní HTTP nínú ara ẹ̀, ẹ máa wa kóòdù àwọn ẹlòmíì bíi tokio, hyper, rustls àti gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn sílẹ̀ látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, dátà nìyẹn. VPS mi (kọ̀ǹpútà tí mo háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó ní RAM 1GB ò lè kọ̀ǹpáìlì ẹ̀ (kó sọ kóòdù di ètò tó ń ṣiṣẹ́), àárín ọ̀nà ló ń kú sí, láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń ṣe é, tí iná bá lọ ẹ máa da epo sí jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ jókòó tì í. Kẹ́ ẹ tó mumi tán, ti Go ti parí. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé cargo check, tó kàn ń yẹ kóòdù wò láì kọ̀ǹpáìlì ẹ̀ tán, tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ti mẹ́mọ́rì: Go ní agbálẹ̀ tó ń kó pàǹtí kiri, Rust ò ní, ẹ máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lórí sáfà kékeré.

Ti olùrànlọ́wọ́: kí n tó rí ẹnì kan tó gbọ́ Rust n'Ílọrin, mo ti rí mẹ́ta tó gbọ́ Go.

Ti àwòkọ́ṣe: sáfà Caddy, Go ni, láti 2015, ó ń gba sẹ́tífíkéètì TLS fúnra ẹ̀. Pingora, Rust ni, iléeṣẹ́ Cloudflare kọ ọ́ rọ́pò Nginx lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ṣí kóòdù ẹ̀ fáyé ní 2024.

Ohun tí méjèèjì ò ní bá yín ṣe tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín kọ ibi tó ń ṣí fáìlì: ẹni tó bá kọ ../ sínú àdírẹ́sì kó lè ka fáìlì tí ò kàn án, ẹ̀yin lẹ máa tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Apache 2.4.49 kó sínú irú ẹ̀ ní 2021, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì rárá.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jáde lóṣù yìí, Go ni, kò burú rárá, ẹ kàn máa rántí Mutex níbi gbogbo, kẹ́ni tó bá yín dá sí i náà máa rántí, títí dórí àjèjì tó fi kóòdù ránṣẹ́ láago méjì òru. Tẹ́ ẹ bá ní sùúrù àti owó epo, ẹ mú Rust. Ọwọ́ yín ló wà. Iléèwé yẹn tún gbé èsì jáde lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, orí èyí tá a fi Rust kọ ni wọ́n wà báyìí, mo sì ti sùn kílẹ̀ tó ṣú, ìyàwó mi ló sọ fún mi láàárọ̀ pé èsì ti jáde.