Kí la lè rà láti fi ya àwòrán olú igbó?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ohun tí ẹ ó fi máa ya olú nínú igbó Ìjẹ̀bú, ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wò lára ọjà: ṣé ó lè wọ abẹ́ olú? Orí olú nìkan kì í sábà tó láti fi mọ irú èyí tó jẹ́. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀, igi rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ tó wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú.

Lẹ́ǹsì kékeré tí a ń há mọ́ fóònù ló dínwó jù. Ẹ lè dorí fóònù kodò kí ojú kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, abẹ́ olú tí kò ga ju ìka lọ á sì hàn. Àmọ́ ẹ ó sún mọ́ ọn débi pé òjìji fóònù á bò ó, etí àwòrán kì í sì í mọ́ bí àárín.

Kámẹ́rà kékeré Olympus TG-6, tó jáde ní 2019, ń ríran kedere láti sẹ̀ǹtímítà 1. Omi ò ràn án. Ó tún ń ya àwòrán léraléra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan fúnra rẹ̀. Nínú Eredo Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ìsàlẹ̀ kòtò sí orí òkìtì ti tó bíi mítà 20 níbòmíràn, tí ara ògiri máa ń tutù lásìkò òjò, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Lẹ́ǹsì macro onímílímítà 100, ìyẹn lẹ́ǹsì ohun kékeré tí a ń fi sára kámẹ́rà ńlá, ló ń yàwòrán tó dára jù, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ẹ ò ní sún mọ́ olú jù, àyè ìmọ́lẹ̀ á wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ya olú náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, tí ẹ fi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ǹsì sí f/8, ibi tó máa mọ́ kò ju bíi mílímítà 1 lọ, nítorí náà ẹ máa nílò ẹsẹ̀ kámẹ́rà tó lè balẹ̀ dáadáa. Ó wúwo, ó sì wọ́n.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà n'Íkẹjà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì kọjá kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí ohun tó ta bí okùn aláǹtakùn, ó ti bu nínú nìyẹn; ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó dínwó tó.