Owó Aṣọ Ẹbí Tó Di Owó Òkété: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-Àjò Wa sí Kàǹbódíà àti Láòsì

Àwa mẹ́rin tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan náà la pé ogójì ọdún lọ́dún kan náà. Ẹni tó bá mọ̀ wá á ti máa retí aṣọ ẹbí mẹ́rin, gbọ̀ngàn mẹ́rin àti olórin mẹ́rin. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí WhatsApp lóru ọjọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò ra léèsì kankan lọ́dún yìí o." A ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí Tíṣà ṣírò iye tí ayẹyẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀rín dákẹ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ àjọ nìyẹn, oṣù mẹ́wàá gbáko, láti fi lọ wo Kàǹbódíà àti Láòsì ní ilẹ̀ Éṣíà.

Nọ́ọ̀sì ló dá a lábàá pé kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àánú níbi tí a ń lọ. Ó pè é ní ìdámẹ́wàá. Èmi àti Ìyá Ìbejì tí a jẹ́ mùsùlùmí ní sàárà ni. A ò bá ara wa jà lórí orúkọ.

Aṣètò ìrìn-àjò kan tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì la kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ó kọ ètò ọjọ́ mẹ́rìnlá ránṣẹ́, àwòrán inú rẹ̀ sì wuni. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní a ó lọ sí ilé ọmọ òrukàn kan ní Siem Reap, ìlú kan ní Kàǹbódíà: àwọn ọmọ á jó fún wa, a ó pín bisikíìtì, a ó ya fọ́tò, a ó sì kó owó sílẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni omi máa ń bọ́ lójú àwọn oníbàárà òun jù. Tíṣà kà á tán, ó ní, "Bí òyìnbó mẹ́rin tí n kò mọ̀ rí bá já wọ kíláàsì mi lọ́jọ́ Túsìdeè, tí wọ́n ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jó, ṣé mo máa gbà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wa wádìí. Ohun tí a rí kò dùn mọ́ wa: nínú àwọn ọmọ tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Kàǹbódíà, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní bàbá tàbí ìyá tó ṣì wà láàyè. Nígbà kan, bí àlejò tó ń fowó sílẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ilé ọmọ òrukàn náà ń pọ̀ sí i. Láti ọdún 2011 ni ẹgbẹ́ Friends-International ti ń kéde pé ọmọdé kì í ṣe ohun ìran fún arìnrìn-àjò. A ní kí aṣètò yọ ọjọ́ kẹta kúrò. Ó ní gbogbo ètò ló so pọ̀. A fi owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, a sì ṣe ètò wa fúnra wa. Owó yẹn dùn mí títí a fi dé Bangkok.

Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀: ohun tí a bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kó gba ọ̀nà ohun tí a lè rà, tó sì yẹ owó rẹ̀. Oúnjẹ, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé. Kí ẹni tó gbà á má baà di ẹni tí a ń wò bí ẹranko inú ọgbà.

Ọ̀rọ̀ físà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún àwa méjì tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ẹ gba físà sọ́wọ́ ná kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ òfurufú, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání. Wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Àwọn méjì tó ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù wá kàn ń wò wá níran ni. Oṣù kìn-ín-ní la lọ, nígbà tí òjò ti lọ tí ooru kò tíì dé. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹrin, kó má fi mí bú.

Ní Siem Reap, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ mẹ́ta láti wo Angkor, àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ ibẹ̀, jẹ́ dọ́là 62 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni akápò, mo sì ń ráhùn, kí n tó mọ̀ pé dọ́là méjì lára tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé Kantha Bopha, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà ará Switzerland kan, Beat Richner, ló gbé àwọn ilé ìwòsàn náà dúró. Ní alẹ́ Sátidé ó máa ń ta gòjé ńlá fún àwọn arìnrìn-àjò láti fi wá owó, títí àìsàn fi dá a dúró. Ó kú ní ọdún 2018. Èyí tó wà ní Siem Reap ń jẹ́ orúkọ Jayavarman VII, ọba ayé ọjọ́un, ẹni tí àkọlé ara òkúta ní Ta Prohm, ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ńpìlì náà, sọ pé ilé ìwòsàn 102 ló wà káàkiri ilẹ̀ rẹ̀. A ti dúró lábẹ́ àwọn igi Ta Prohm yẹn láàárọ̀, gbòǹgbò wọn di ara ògiri mú bí ìgbà tí àràbà bá fẹ́ gbé ilé mì. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Nọ́ọ̀sì ní kí kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó wọlé, ó fún wọn. Kò sọ fún wa tẹ́lẹ̀, kò sì sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn la lọ wo Phare. Sákọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ẹ má retí kìnnìún tàbí erin. Ènìyàn nìkan ni: ọ̀dọ́ tó ń fò, tó ń gun ara wọn lórí, tó ń fi iná ṣeré, pẹ̀lú onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Iléèwé kan tó wà ní Battambang ló bí i. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n ti àgọ́ ogúnléndé padà wálé ló dá a sílẹ̀ ní 1994 pẹ̀lú olùkọ́ tó kọ́ wọn ní yíyàwòrán ní àgọ́ náà. Àgọ́ eré ti Siem Reap ṣí ní 2013, owó tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì ń gbọ́ bùkátà iléèwé náà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà láìsan kọ́bọ̀. Bí mo bá máa fún un ní máàkì, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni, kì í sì í ṣe nítorí àánú. Ọmọkùnrin kan fò kọjá lórí àwọn márùn-ún, Ìyá Ìbejì sì pariwo "Yéè!" débi pé gbogbo ìlà iwájú yíjú padà. Bí ó bá jẹ́ eré àṣekára ní gbọ̀ngàn ńlá ní Èkó, a máa ná an lówó. Kò sí ẹni tó ní ká káàánú òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti òkété.

Ẹgbẹ́ APOPO ní ibì kan lójú ọ̀nà Angkor tí àlejò ti lè wo iṣẹ́ wọn. Òkété ni wọ́n fi ń wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Láti 1979, ó lé ní 60,000 ènìyàn tí àwọn ohun ìjà yẹn ti pa tàbí ṣe léṣe ní Kàǹbódíà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń lọ sóko ni. Mo ti kà á pé "eku ńlá Áfíríkà" ni wọ́n ń lò, n kò ronú jìnnà. Ọmọbìnrin tó mú wa yíká ṣí àgò, ó gbé e jáde. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ké lẹ́ẹ̀kan náà: "Òkété!" Ọmọbìnrin náà bi wá bóyá a ti rí i rí. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n dá a lóhùn? Tíṣà ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ní ìlú wa a mọ̀ ọ́n dáadáa." Kò sọ ibi tí a ti mọ̀ ọ́n.

Tàǹsáníà ni wọ́n ti ń bí wọn tí wọ́n sì ń kọ́ wọn, ní Morogoro, kí wọ́n tó kó wọn wá. Ara wọn fúyẹ́ débi pé bí wọ́n bá tẹ àdó náà, kì í bú. Okùn wà láàárín olùtọ́jú méjì, òkété ń lọ ó ń bọ̀ lára rẹ̀, imú nílẹ̀. Bí ó bá gbóòórùn ohun ìbúgbàù, á fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irin lásán kì í dá a dúró rárá, ìyẹn ni pé kò ní máa dúró lórí ìṣó àti agolo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò; ẹni tó gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Kí oòrùn tó mú ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fi ìpara pa wọ́n létí àti nírù kí oòrùn má baà jó wọn. Òkété tó ń jẹ́ Magawa gba àmì ẹ̀yẹ wúrà láti ọ̀dọ̀ PDSA, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2020. Òun ni eku àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ohun ìbúgbàù tó rí kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022.

Èmi tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé, "Báyìí ni ìwà rẹ, òkété, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá," mo dúró níbẹ̀ mò ń wo ẹni tí a fi ń pòwe ọ̀dàlẹ̀, tó ń gba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ là nílẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. A gba òkété kan ṣọmọ níbẹ̀: owó oṣooṣù kékeré ni, wọ́n á sì máa kọ̀wé sí ọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì ní òun ti ní méjì nílé, kí wọ́n kọ orúkọ Tíṣà.

Ọ̀rọ̀ owó díẹ̀: dọ́là ni wọ́n ń ná ní Siem Reap, ṣùgbọ́n bí eti rẹ̀ bá ya díẹ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Mo fi bílì ogún dọ́là kan rìn kiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Oúnjẹ dára. Prahok wọn, ẹja tí wọ́n sọ di kíkan, ń rùn bí ògìrì, bó sì ṣe ń rùn náà ló ń dùn.

Láòsì jẹ́jẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní Luang Prabang, ìrẹsì tó ń lẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ bù ní òkèlè, a sì mọ̀ pé a ti dé ilé. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Big Brother Mouse, tó ń tẹ ìwé ọmọdé lédè Lao. Wọ́n máa ń pe àlejò wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Wákàtí méjì ni a jókòó. Ọmọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá gbogbo ará Nàìjíríà ló mọ bọ́ọ̀lù gbá. Mo sọ òtítọ́ fún un. Tíṣà ra ìwé mẹ́wàá tó fi sílẹ̀ fún iléèwé abúlé kan tí wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ló rọrùn jù, òun ló sì dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wa níbẹ̀ nítòótọ́.

Ohun tí mo kórìíra ní ìlú náà ni ìṣe àwọn àlejò ní ìdájí, nígbà tí àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, tí aṣọ wọn ní àwọ̀ ọsàn, bá tò kọjá láti gba sàárà. Àwọn kan ń tan iná kámẹ́rà sí wọn lójú. Ìyá àgbà kan kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì rẹ̀, ẹnì kan sì ti ẹ̀yìn kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti rí àyè ya fọ́tò. Àwa dúró ní òdìkejì títì, a ò ya nǹkan kan.

Rélùwéè tó ṣí ní oṣù kejìlá 2021 gbé wa dé Vientiane láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Ibi àfihàn ẹgbẹ́ COPE, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, la lọ wò níbẹ̀. Láti 1964 títí dé 1973, Amẹ́ríkà ju ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù bọ́ǹbù sórí Láòsì. Àwọn kéékèèké tó wà nínú bọ́ǹbù ńlá, tí wọ́n ń pè ní "bombi", lé ní mílíọ̀nù 270, tó ṣeé ṣe kí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wọn má tíì bú nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Wọ́n so wọ́n rọ̀ látòkè nínú yàrá kan, wọ́n sì tóbi tó ọsàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹsẹ̀ tí àwọn ará abúlé fọwọ́ ara wọn ṣe wà: oparun, igi, awẹ́ irin. COPE ń ran àwọn tí wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gidi lọ́wọ́. Wọn kì í gba owó ìwọlé. A kó gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìdámẹ́wàá-tàbí-sàárà wa sínú àpótí wọn, a sì jókòó sí ìta fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ọ̀sì, tó ti tọ́jú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sọ̀rọ̀ títí dé òtẹ́ẹ̀lì.

A ti padà délé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Tíṣà ń lọ sí Ifẹ̀, ọdẹ kan sì gbé òkété tó sanra sókè sí wíńdò mọ́tò wa. Tíṣà ti béèrè iye tó fẹ́ tà á kó tó rántí. A ò rà á. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀ nígbà tí mọ́tò ṣí.