Belief-O-Matic: ìbéèrè 20 tó ń bá èèyàn wá ẹ̀sìn

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí ìkànnì Beliefnet, ẹ wá Belief-O-Matic níbẹ̀, ẹ dáhùn ìbéèrè 20, yóò sì to ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí 27 sílẹ̀ fún yín, láti orí èyí tó sún mọ́ èrò yín jù dé èyí tó jìnnà jù. Beliefnet, ìkànnì ará Amẹ́ríkà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, ló ni ín. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ẹjọ́ tí ẹ lè bá àwọn rò lórí ibi tí ọkàn yín bá já sí. Àwàdà ni, àmọ́ ẹ fi sọ́kàn nígbà tí èsì bá jáde.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló gba ìrònú jù. Ó ní kí ẹ sọ irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́, ìdáhùn mẹ́fà ló sì wà níwájú yín: Ọlọ́run kan ṣoṣo tó ní ara, Ọlọ́run kan ṣoṣo tí kò ní ara, ìkẹta ni òrìṣà púpọ̀, yálà kálukú dá dúró tàbí Ọlọ́run kan náà ló ń tipasẹ̀ gbogbo wọn hàn; ìkẹrin ni agbára kan tó wà nínú ohun gbogbo, tí kì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀; ìkarùn-ún ni agbára yẹn àti Ọlọ́run papọ̀; ìkẹfà ni kò sí Ọlọ́run, tàbí kò dá mi lójú, tàbí kò ṣe pàtàkì sí mi. Ìkẹfà yìí kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó ti pinnu pé kò sí Ọlọ́run àti ẹni tó ṣì ń wá a kiri, ojú kan náà ni wọ́n fi wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú, ìdí tí ìwà burúkú àti ìyà fi wà. Àwọn tó kẹ́yìn jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ìgbé ayé: iṣẹ́yún, ìkọ̀sílẹ̀, ipò ọkùnrin àti obìnrin, ogun jíjà, àdúrà dípò oògùn, ìtọ́jú àyíká. Àríyànjiyàn àwọn ará Amẹ́ríkà hàn gbangba nínú wọn, wọ́n sì lè ti èsì yín síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ ó yan bó ṣe jẹ yín lógún tó: díẹ̀, níwọ̀nba, tàbí gidigidi. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba èsì ara wọn jẹ́. Bí ẹ bá tẹ gidigidi sí gbogbo rẹ̀, ẹ ò tíì yan nǹkan kan, torí bí gbogbo ìbéèrè bá wúwo bákan náà, kò sí èyí tó borí èkejì. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ò lè gbójú fò ni kí ẹ fi gidigidi sí, kí ìyókù gba níwọ̀nba tàbí díẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kéèyàn máa dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé Ọjọ́ Ìsinmi tàbí nílé kéú. Ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tí ẹ ti kúrò ló máa bọ́ sókè, ẹ ò sì ní mọ nǹkan tuntun kan.

Ẹ̀sìn tó bá ṣe ipò kìíní máa ń gba 100%. Kò túmọ̀ sí pé ẹ gba gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́; òun ló sún mọ́ yín jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń wọn àwọn yòókù. Nítorí náà, àlàfo tó wà láàárín wọn ni kí ẹ máa wò. Bí ipò kìíní bá jẹ́ 100%, tí ìkejì jẹ́ 97%, tí ìkẹta jẹ́ 95%, ọgbọọgba ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ìkejì bá já sí 70%, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ó tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí Unitarian Universalist ṣe ń wà lókè lemọ́lemọ́. Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ìjọ wọn ni yín láìmọ̀. Ìjọ Amẹ́ríkà méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan ní 1961, wọn kò sì ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan tó di dandan: ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ àti ẹni tí kò gbà á gbọ́ lè jọ jókòó sórí àga kan. Ìjọ tí kò fi dandan lé ohunkóhun, ìdáhùn wo ló máa ta kò ó? Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn kò nílò ìwé ìrìnnà, ìjọ Unitarian ti wà ní Èkó láti 1919.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé èrò Yorùbá sí i. Olódùmarè kan ṣoṣo ló wà, àwọn òrìṣà ń jíṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá mú ìdáhùn kejì nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹ ti fi àwọn òrìṣà sílẹ̀. Bí ẹ bá mú ìkẹta, ẹ ti sọ Olódùmarè di ara wọn, bẹ́ẹ̀ òun kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ikú ló tún le jù. Ìdáhùn tó wà fún àtúnwáyé, ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni: ìwà tí èèyàn hù sẹ́yìn ló ń dá a padà wá, ohun tó sì ń lé ni kó bọ́ lọ́wọ́ wíwá yẹn pátápátá. Lọ́dọ̀ tiwa, Babátúndé àti Yétúndé padà sí ilé ara wọn ni, ayọ̀ ni fún ẹbí, kò sí ẹni tó ń gbàdúrà kí baba òun má padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn náà ló sún mọ́ ọn jù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀sìn Íńdíà bíi Híńdù, Sikh àti Jain á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Sikh á jàǹfààní jù bí ẹ bá ti sọ pé Ọlọ́run kan tí kò ní ara ló wà, nítorí Guru Nanak, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Sikh, tí wọ́n bí ní Punjab ní 1469, fi Ọlọ́run kan yìí àti àtúnwáyé kọ́ni. Jain ní tirẹ̀ kò ní ẹlẹ́dàá rárá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ipò rẹ̀ tàn yín jẹ.

Ìṣẹ̀ṣe kò sí nínú 27 yẹn. Lukumí àwọn ará Cuba àti Candomblé àwọn ará Brazil, ẹ̀sìn òrìṣà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, kò sí níbẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é kún fún àwọn olórìṣà. (Ifá ní tirẹ̀ kì í bi yín léèrè ohun tí ẹ gbà gbọ́, odù 256 ló ní, ọ̀kan nínú wọn ló sì máa bá yín sọ̀rọ̀.) Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fún Ìsìláàmù, láìya Súnì, Ṣíà àti Ahmadiyya sọ́tọ̀, nígbà tí wọ́n pín àwọn Krìstẹ́nì sí bíi mẹ́wàá. Síbẹ̀ náà, Aládúrà kò sí láàárín mẹ́wàá ọ̀hún. Ọmọ Kérúbù àti Séráfù tàbí ọmọ Sẹ̀lẹ́ tó bá sọ pé àdúrà ṣáájú oògùn lè bá ara rẹ̀ lẹ́bàá Christian Science, ìjọ tí Mary Baker Eddy dá sílẹ̀ ní Boston ní 1879. Àwọn yẹn kì í wọ sùtánà, wọn ò ní aríran, ìwé kíkà ni ìsìn wọn, wọ́n sì ń kọ́ni pé àìsàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe òtítọ́. Aládúrà mọ̀ pé àìsàn wà, ó tiẹ̀ máa ń béèrè ẹni tó rán an.

Bí ẹ ṣe máa rí nǹkan gidi mú níbẹ̀ nìyí. Ẹ kọ ìdáhùn yín sórí bébà kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo rẹ̀ wà ní níwọ̀nba, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n tòótọ́ tí ẹ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sìn tó bá wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì ni kí ẹ ka ìwé nípa rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín èsì méjèèjì á sì fi ìbéèrè tó ń darí yín hàn.

Kí ẹ tó lọ síbi kankan, ẹ béèrè ohun tí Belief-O-Matic kò béèrè, ìyẹn iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kò bi yín bóyá ẹ lè dìde kírun àsùbáà. Kò bi yín bóyá ẹ lè ti ṣọ́ọ̀bù láti ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì dé ìwọ̀ oòrùn Sátidé bíi ti Adventist, bóyá ẹ lè kọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn bíi ti Ẹlẹ́rìí Jèhófà, tàbí kí ẹ má gé irun mọ́ bíi ti àwọn Sikh. Ẹni tó bá sì nífẹ̀ẹ́ ìlù àti àtẹ́wọ́ kò ní gbádùn Quaker onílìbẹ́rà, ìjọ kan nínú 27 yẹn, bí 98% rẹ̀ ṣe lè dán tó: wọ́n máa ń jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan láìsí pásítọ̀, àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá wá sí ẹnì kan nínú láti sọ.

Máàkì tó gbà lọ́wọ́ wa jẹ́ 3 nínú 5. Ọ̀kan já nítorí 100% tó ń ṣi èèyàn lọ́nà, ọ̀kan já nítorí Ìṣẹ̀ṣe àti Aládúrà tí wọn kò kà mọ́ ẹ̀sìn.