Fíúwìn sẹ́ńtà tí jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ́ Will Grigg

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè ibi téèyàn ti lè wo bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ láìjẹ́ pé ooru á pa á, fíúwìn sẹ́ńtà kan wà lẹ́yìn Ọjà Ọba, tẹ́ ẹ bá ti ń gba ọ̀nà Arákàlẹ̀ lọ, ariwo ló máa júwe ẹ̀ fún yín. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọ̀gá tó ni ín ló bẹ̀ mí, ó ní èrò tó ń wá ti pọ̀ ju bẹ́ǹṣì lọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó. Líìgì lásán, ₦300. Champions League, ₦500, tó bá sì di fáínà ẹ múra sílẹ̀, ọ̀gá máa fowó lé e, kò ní bi yín. Wọ́n fi projector ju àwòrán ńlá kan sára ògiri, tẹlifíṣọ̀n kan tún wà ní kọ̀rọ̀ fún àwọn tó fẹ́ wo máàṣì kejì. Àwòrán ẹ̀ mọ́ dáadáa àfi tójò bá ń rọ̀. Bẹ́ǹṣì ò ní ibi téèyàn lè fẹ̀yìn tì, ìbàdí yín ló máa jíṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Fáànù mẹ́rin, mẹ́ta ló ń yí. Ó tán, torí kì í ṣe ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Orin ni. Kò sí fíúwìn tí mo dé rí ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó yìí tí wọ́n ti ń kọrin báyẹn. Ibòmíì, ariwo àti èébú ni, kí wọ́n máa bú ìyá rẹfirí tí ò gbọ́ Yorùbá. Níbí, wọ́n ní akọrin gidi. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló máa ń lé e, àwọn tó kù á gbè, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ lu bẹ́ǹṣì bí ìlù, ọ̀gá fúnra ẹ̀ á sì yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kí àwọn òyìnbó tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù má baà ba orin jẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu.

Jẹnẹrétọ̀ méjì ni ọ̀gá ní. Ńlá ló ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Kékeré, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí áì-bẹ́tà-pàs-mai-nébọ̀, abẹ́ tábìlì ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, ọ̀gá sì máa ń búra pé ara ẹ̀ le, pé tí ńlá bá dákú kékeré á gbà á. Kò sẹ́ni tó rí i kó ṣiṣẹ́ rí. Bó ṣe di Will Grigg nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ ìtàn ọ̀hún, ẹ gbọ́. Sitiráíkà ni Will Grigg, Northern Ireland ló ń gbá fún nígbà yẹn, kílọ́ọ̀bù ẹ̀ nígbà náà sì ni Wigan Athletic, tó wà ní League One, ìyẹn ìpele kẹta lọ́dọ̀ àwọn ará England. Ní sáà 2015 sí 2016, góòlù 25 ló gbá wọlé nínú líìgì, Wigan gba ife, wọ́n padà sókè. Olólùfẹ́ Wigan kan wá mú orin ijó kan tó ń jẹ́ Freed from Desire, èyí tí Gala, ọmọ Ítálì, gbé jáde ní 1996, tí kò sí bọ́ọ̀lù kankan nínú ẹ̀, ó yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kúrò, ó fi tiẹ̀ sí i: Will Grigg ti gbiná, jìnnìjìnnì ti bá dìfẹ́ńsì yín. Ó gbé e sórí YouTube, ayé gbà á. Alága Wigan fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn DJ méjì kan tí wọ́n ń pè ní Blonde sì sọ ọ́ di rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Euro 2016, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, dé ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ará Northern Ireland gbé orin yìí lọ, wọ́n kọ ọ́ ní Nice, wọ́n kọ ọ́ ní Lyon, wọ́n kọ ọ́ ní Paris, kódà àwọn tí kì í ṣe tiwọn ń bá wọn kọ ọ́. Poland nà wọ́n 1-0, wọ́n na Ukraine 2-0, Germany nà wọ́n 1-0, Wales wá lé wọn lọ sílé pẹ̀lú góòlù tí McAuley tiwọn fúnra ẹ̀ gbá sílé ara wọn. Máàṣì mẹ́rin. Will Grigg tó gbiná yẹn, kóòṣì Michael O'Neill ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan pápá fún ìṣẹ́jú kan péré! Orí bẹ́ǹṣì ló ti gbiná dé ilé.

Èmi rò pé ìyẹn gan-an ló mú orin náà pẹ́ láyé. Ká ní ó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó gbá bọ́ọ̀lù méjì sójú ọ̀run, ẹnu àwọn èèyàn ì bá ti pa mọ́ ní Nice níbẹ̀. Ẹni tí ò ṣeré ò lè ṣàṣìṣe. Kò sì pẹ́ tí kílọ́ọ̀bù tó kù fi ń yọ orúkọ Grigg, tí wọ́n ń ti orúkọ tiwọn bọ̀ ọ́, Vardy ti Leicester náà jẹ níbẹ̀. Ìyẹn ò sì lè ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu jàre, àwa tá a máa ń gbọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán a ti fi ń bú alátakò ní pápá.

Ti fíúwìn wa nìyí: Grigg wa ti gbiná o, jìnnìjìnnì ti bá àwọn oníná. Bí Sunshine Stars, Akure Gunners wa, bá ń gbá nílé, ẹ máa rí lára àwọn ọmọ yìí ní stadium, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ eléyìí níbẹ̀, wọ́n ní Grigg ò sí níjòókòó.

Lálẹ́ ọjọ́ Champions League kan ṣá, iná ti lọ tipẹ́, ńlá ló ń gbé wa bọ̀, a dé nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́rin, ńlá wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Òkùnkùn birimù. Mo ti ń retí kí wọ́n máa bèèrè owó wọn padà, àṣé lílé ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe yẹn fẹ́ gbé. Gbogbo ilé gbè é. Ọ̀gá fi tọ́ọ̀ṣì há ẹnu, ó wọ́ Grigg jáde lábẹ́ tábìlì, alàgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rẹfirí sì dìde níwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi han gbogbo ayé pé sọ́bù wà, ńlá ń jáde, kékeré ń wọlé. Wọ́n fa okùn ẹ̀ títí apá fi ń ro ọ̀gá.

Ó gbà o! Ariwo tó sọ níbẹ̀, mi ò rò pé góòlù kankan tíì rí irú ẹ̀ gbà.

Òótọ́ ni pé kò lè gbé projector. Tẹlifíṣọ̀n kọ̀rọ̀ àti díkódà nìkan ló gbé, fáànù kankan ò yí, gbogbo wa wá rọ́ sí kọ̀rọ̀ kan, Ìyá Pọ̀nmọ́ gbé abọ́ ẹ̀ lérí kó má baà dà nù, ó sì ń tajà lọ níbẹ̀. Bùrọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló rán wa létí pé Grigg ti òyìnbó náà padà jíṣẹ́, pé ní February 19, 2018, Wigan tó tún ti bọ́ sí League One na Manchester City 1-0 nínú FA Cup, Grigg ló gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 79, City kan náà tó fi póìntì 100 gba líìgì lọ́dún yẹn. Ó ní orúkọ ń ro ọmọ.

Ohun tó kù ni pé kò sí ilé ìtọ̀, ẹ tètè ṣe tiyín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ mú ṣéńjì dání. Ìlà kejì lápá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí, òpó wà lápá òsì. Pọ̀nmọ́ màmá yẹn ta gan-an, ẹ ra omi kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Ọ̀gá sì ti ń sọ pé òun fẹ́ ta Grigg kóun fi kún owó ra ìnfátà, tẹ́ ẹ bá dé bẹ̀, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́.