Ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó ti kógbá sílé: iṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ gbé fún ilé ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta?

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859, iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò sì ṣàjèjì sí ìlú náà. Lónìí, bí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá fẹ́ ṣe ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn, iṣẹ́ àpapọ̀ ni àwọn ilé ìtẹ̀wé máa ń tà fún wọn: wọ́n á ya fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á to ìwé, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì dì í. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣì ń gba ọmọ, iṣẹ́ yìí tó. Fún ilé-ẹ̀kọ́ ọkùnrin ti Kátólíìkì tí ìjọba ti gbà, tí wọ́n ti dà pọ̀ mọ́ òmíràn, tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára pátákó kankan mọ́, kò tó rárá. Kò sí ọ̀gá àgbà tí yóò ṣàtúnṣe bí irọ́ bá wọ inú ìwé náà, òun sì ni àwọn ọmọ-ọmọ yóò máa tọ́ka sí.

Èrò wa ni pé kí ẹ gbé títẹ̀ àti dídì fún wọn, kí ẹ dúró tì wọ́n níbi títo ìwé, kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni nínú fọ́tò.

Ibi fọ́tò ni iṣẹ́ wọn ti ń mẹ́hẹ jù. Àwọn kan ń fi fóònù ya á, àwọn mìíràn ń fi síkánà ya á ní 200 dpi (iye àmì tí síkánà ń kà nínú íńṣì kan) kí ó lè yá. Ẹ ní kí wọ́n yà á ní 600 dpi, kí wọ́n sì fi í pamọ́ bíi TIFF, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kúrò lára fọ́tò, kì í ṣe JPEG tó ń gé e. Fọ́tò tí gígùn rẹ̀ jẹ́ íńṣì 5, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 3.5, yóò ní píkísẹ́lì 3000 lọ́nà 2100 báyìí, ó sì ṣeé tẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ láìfọ́. Bó bá jẹ́ fọ́tò gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, tí ojú àwọn ọmọ kéré gan-an, ẹ béèrè 1200. Kí wọ́n sì pa gbogbo àtúnṣe tí síkánà ń dá ṣe fúnra rẹ̀.

Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má ṣí i. Kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀ láti orí gíláàsì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù, ẹ rọra fa okùn tín-ínrín tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín kọjá lábẹ́ rẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ bá yín léàmínéètì rẹ̀, ẹ kọ̀: iná ẹ̀rọ náà ń ba fọ́tò jẹ́, ọ̀rá rẹ̀ kò sì ṣeé yọ mọ́. Pẹ́ńsù 2B ni kí ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, torí báírò máa ń yọ ìlà sí iwájú.

Ohun tuntun tó wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí ló burú jù, ìyẹn áàpù tó ń sọ ojú tó ti ṣú di kedere. Áàpù náà kò mọ ọmọ yẹn. Ojú ẹlòmíràn ló ń yà lé e lórí, ìyá tó bí i kò sì ní dá a mọ̀. Àtúnṣe tó yẹ kò ju pé kí dúdú dúdú dáadáa, kí funfun mọ́, kí wọ́n sì pa ojú ibi tó ya tàbí tí omi kán sí, níbi tí kò bá ti sí ojú ènìyàn.

Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn kò yí fọ́tò sódì, pàápàá èyí tí wọ́n bá ṣe láti ara fíìmù. Apá òsì ọmọ ni àpò àyà tó ní báàjì máa ń wà; nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wo fọ́tò ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Bó bá bọ́ sí òsì yín, ó ti yí sódì nìyẹn, gbogbo orúkọ tí ẹ tò láti òsì sí ọ̀tún sì ti di ti ẹlòmíràn.

Ní ti títo ìwé, ẹ̀rọ wọn dára, ṣùgbọ́n fọ́ǹtì (irú lẹ́tà) tí wọ́n fẹ́ràn kì í sábà gba àmì Yorùbá. Ẹ àti ọ lásán ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì ohùn lé wọn lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìlà kan: Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni. Orí pépà ni kí ẹ ti wò ó o, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá bàjẹ́, ẹ fún wọn ní Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orúkọ Ẹ̀gbá tún ní wàhálà tirẹ̀. Nínú rẹ́jísítà àtijọ́, Sh tàbí S lásán ni wọ́n fi ń kọ Ṣ, ọmọ kan náà sì lè jẹ́ Shodipo ní ibì kan, kó di Sodipo nínú èsì ìdánwò. Orúkọ ìrìbọmi tún wà níbẹ̀: Ignatius inú rẹ́jísítà lè jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Adé. Ẹ kọ ọ́ bí rẹ́jísítà ṣe kọ ọ́, kí ẹ fi ọ̀nà kejì sínú atọ́ka lẹ́yìn ìwé. Bí àwọn tó ń to ìwé bá fẹ́ bá yín tún un ṣe, ẹ má gbà.

Ilé ìtẹ̀wé tó bá ní àwọn á bá yín kọ ìtàn náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi owó yẹn wọkọ̀. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì Abẹ́òkúta kò sí lójú kan. Àwọn fádà SMA (Society of African Missions) dé ìlú yìí ní 1880, wọ́n dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895, ṣùgbọ́n abẹ́ Èkó ni ìjọ ibí wà títí di 1997 tí Abẹ́òkúta di dáyọ́sísì fúnra rẹ̀. Èkó ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè ìwé tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ ṣáájú ọdún náà. Ní ti ìjọba, Ìbàdàn ló ń darí ètò ẹ̀kọ́ níbí kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, 1976. Fáìlì àwọn òyìnbó amúnisìn nípa agbègbè yìí wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn; Abe Prof ni àmì tí ẹ óò fi béèrè wọn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1976, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mósàn ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ ṣọ́ra fún ọdún: ọjọ́ tí ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà àti ọjọ́ tí kíláàsì ìkẹyìn jáde kì í sábà jẹ́ ọjọ́ kan náà, síbẹ̀ bróṣọ̀ púpọ̀ ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọdún kan.

Títẹ̀ gan-an ni wọ́n ti mọṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ti lè dín owó kù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord 64 máa ń gba ojú-ìwé A5 mẹ́jọ lójú kan pépà, ìyẹn 16 lójú méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní sẹ́kísọ̀n. Ìwé ojú-ìwé 150 yóò di 160, sẹ́kísọ̀n 10. Bó bá jẹ́ dúdú nìkan, sẹ́kísọ̀n kọ̀ọ̀kan gba pléètì 2, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ojú kan pépà. Aláwọ̀ mẹ́rin gba 8. Bí ẹ bá fọ́n fọ́tò aláwọ̀ ká gbogbo ìwé, pléètì 80 ni ẹ óò san. Bí ẹ bá kó wọn jọ sínú sẹ́kísọ̀n kan, 26 péré ni. Pépà bọ́ǹdì 80 giráàmù dára fún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mu tádàwà, ojú fọ́tò á sì ṣú. Ẹ lo àátì pépà (pépà tí wọ́n kun ojú rẹ̀) aláìdán 115 giráàmù fún sẹ́kísọ̀n fọ́tò. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà 100 péré lẹ fẹ́, ẹ béèrè títẹ̀ dígítà tí kò nílò pléètì.

Dídì olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù gbígbóná lẹ ẹ̀yìn ìwé, kò bá ìwé tó ní àátì pépà mu. Ojú-ìwé á máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi okùn rán an kí wọ́n tó lẹ èèpo. Kí wọ́n sì to pépà kí ìṣàn rẹ̀ bá ẹ̀yìn ìwé lọ lóròó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé kò ní tẹ́ bí ẹ bá ṣí i.

National Library ni ẹ ti ń gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, ẹ̀dà 3 sì ni òfin ní kí ẹ kó fún wọn lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ kó ìwé, ẹ ṣí káàtọ́nnù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka nọ́ńbà ojú-ìwé nínú bí ẹ̀dà mẹ́ta: sẹ́kísọ̀n tó fò àti èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ gba fáìlì TIFF, fáìlì títò ìwé àti PDF kí ẹ tó san owó tó kù.