Kábọ́ọ̀nù búláàkì tí wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń po pẹ́ǹtì, tí mo sì ń tẹ orúkọ sára ẹ̀wù àríyá ní Sábó, Ìkòròdú. Nínú gbogbo àwọ̀, dúdú ló yọ mí lẹ́nu jù. Kábọ́ọ̀nù búláàkì lásán, ìyẹ̀fun dúdú tí a fi ń po àwọ̀, kì í fẹ́ gba omi. Ẹ dà á sómi, yóò léfòó bí èédú ìdí ìkòkò. Ẹ rò ó títí ọwọ́ á fi ro yín, ẹ ṣì máa rí kóró nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo po ẹ̀múlṣọ̀n aláwọ̀ eérú fún màmá kan ní Ìgbógbó. Nígbà tó gbẹ tán, dúdú ti léfòó sójú ògiri: ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà ṣú, ibi tí rólà gbà funfun. Owó mi ni mo fi tún ilé yẹn kùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra kílò méjì èyí tí wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti lásán. Epo rọ̀bì tó ki ni wọ́n ń jó nínú iná ìléru tí afẹ́fẹ́ kò tó, kí dúdú yìí tó jáde. Bí ẹyọ rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni dúdú rẹ̀ ń jinlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹyọ yẹn ṣe ń lẹ̀ mọ́ra wọn tó. Láti tú wọn ká, ilé iṣẹ́ a máa fi ásíìdì náítíríìkì tàbí ósóònù ṣiṣẹ́ lára wọn, kí ọ́síjìn lè so mọ́ wọn. Ọ́síjìn yẹn ló ń fa omi mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi kò sọ ohun kan, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Mo da ìyẹ̀fun náà tààrà sínú ẹ̀múlṣọ̀n, ni gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì bá dì bíi wàrà tó kan. Ó dùn mí gan-an. Nígbà tí mo ti bébà pH, èyí tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, bọ omi tí mo pò ó mọ́, 3 ló fi hàn. Ásíìdì ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀múlṣọ̀n kì í fẹ́ ásíìdì. Láti ìgbà náà, omi ni mo kọ́kọ́ ń pò ó mọ́, maá kán àmóníà, tó ń pa ásíìdì, sí i díẹ̀díẹ̀ títí bébà fi kà 8 tàbí 9, kí n tó dà á sí pẹ́ǹtì. Kò tíì dì mọ́ mi lọ́wọ́ látìgbà yẹn.

Íǹkì ẹ̀wù ló ti dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí mo bá ń lo lásán, lẹ́yìn ogún ẹ̀wù ni ihò sìkírìnì, aṣọ oníhò tí íǹkì ń gbà kọjá sára ẹ̀wù, ti ń dí, mo sì gbọ́dọ̀ dúró fọ̀ ọ́. Báyìí mo ń tẹ àádọ́ta láìdúró, lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú orúkọ oníyàwó sì ń jáde gaara.

Fún pẹ́ǹtì olóróró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Dúdú tó kúná báyìí a máa fa dúráyà, ìyẹn èròjà tó ń mú kí pẹ́ǹtì tètè gbẹ, mọ́ra, dúráyà kóbáltì pàápàá. Géètì tí mo fi kùn ní Ẹbúté ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lọ́jọ́ kẹta. Dúráyà díẹ̀ sí i ló gbà á là nígbà tí mo tún un kùn, ṣùgbọ́n fún géètì, lásán tí ẹyọ rẹ̀ tóbi díẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ má tú àpò rẹ̀ láìbo imú. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, fi kábọ́ọ̀nù búláàkì sí ìpele 2B, ìyẹn ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Mo ń fi omi wọ́n ilẹ̀ kí n tó gbálẹ̀, mi ò sì ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi tú u níwájú fáànù.

Oṣù tó kọjá ni màmá Ìgbógbó tún ránṣẹ́ pè mí fún fẹ́ńsì, àwọ̀ eérú yẹn náà ni wọ́n tún fẹ́. Mo lọ wò ó láàárọ̀ àná: láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ti ra kílò márùn-ún mìíràn.