SQLite fún áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì: ó kájú iṣẹ́, àmọ́ ẹ tún un tò kẹ́ ẹ tó gbé e síta

Àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà sábà máa ń fi SQLite, dátábéèsì kékeré tí áàpù ń tọ́jú dátà rẹ̀ sí, dánra wò lórí kọ̀ǹpútà ara wọn. Tó bá wá ku díẹ̀ kí áàpù bọ́ síta, wọ́n á sáré lọ gbé PostgreSQL tàbí MySQL, àwọn dátábéèsì ńlá tó ń dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀. Fún áàpù tó ń gbé lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń gbé áàpù fún àwọn tó ń lò ó) kan ṣoṣo, eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá yẹn. SQLite ká iṣẹ́ náà dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ètò tó bá a wá ti pẹ́, àwọn tó ṣe é ò sì fẹ́ yí i padà, kí sọ́fúwíà àtijọ́ tó ti gbára lé e má bàa dojú rú.

D. Richard Hipp ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000. SQLite ò ní ètò server tirẹ̀ tó ń dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀, kò sí port (ojú ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọlé), kò sí password. Inú áàpù yín gan-an ló ń gbé, gbogbo dátà sì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Torí pé ìbéèrè kì í gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ kó tún padà wá, èsì máa ń yá kíákíá. Ojú ewé kan lè bi dátábéèsì ní ìbéèrè 200 kó má sì fa nǹkan kan. Ó wà nínú Android, iPhone, Firefox àti Chrome. Kò sí ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ máa rà, torí public domain ló wà, ìyẹn ni pé gbogbo ayé ló ni ín.

Ibi tó ti ń dun èèyàn rèé: ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ nǹkan sínú fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n sì ṣe gbé e fún wa, ẹni tó ń kọ lè dá àwọn tó ń kà dúró, àwọn tó ń kà náà lè dá a dúró. Ibẹ̀ ni «database is locked» tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ ti ń wá. Ìlà PRAGMA (àṣẹ tá a fi ń tún SQLite tò) mẹ́rin rèé, méjì àkọ́kọ́ ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀:

PRAGMA journal_mode = WAL;
PRAGMA busy_timeout = 5000;
PRAGMA synchronous = NORMAL;
PRAGMA foreign_keys = ON;

Ìlà àkọ́kọ́ máa ń wà nínú fáìlì náà títí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é. Àwọn mẹ́ta tó kù ò rí bẹ́ẹ̀ o: gbogbo ìgbà tí áàpù bá ṣí connection (ìsopọ̀ pẹ̀lú dátábéèsì) tuntun lẹ gbọ́dọ̀ tún wọn sọ. Ẹni tó bá tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan lórí terminal, tó wá lọ sùn, á jí bá àwọn ìlà ọmọ tí òbí wọn ti pa rẹ́ nínú table (àtẹ dátà) rẹ̀, torí pípa ni foreign_keys, tó ń rí i pé gbogbo ìlà ọmọ ní òbí, máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Tí WAL (write-ahead log) bá ti wà, ohun tuntun á kọ́kọ́ lọ sínú fáìlì kejì tí orúkọ rẹ̀ parí sí -wal, àwọn tó ń kà á sì máa ka ti tẹ́lẹ̀ lọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá tó nǹkan bí page (ẹyọ tí SQLite ń pín fáìlì sí) 1000, SQLite á kó o padà sínú fáìlì àgbà. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ṣí ìbéèrè sílẹ̀ tí kò pa á dé, kíkó yẹn ò ní lè parí, -wal á sì máa sanra. Ní ti busy_timeout, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá la fi ń kà á. Òdo ló bá wá, ìyẹn ni pé kò ní dúró rárá. NORMAL ń jẹ́ kí kíkọ yá, àmọ́ tí iná bá lọ lójijì, transaction (àkójọ iṣẹ́ tó ń lọ pọ̀ bí ọ̀kan) tó kẹ́yìn lè dàwátì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì ò ní bà jẹ́. Tó bá jẹ́ owó lẹ̀ ń kà, ẹ fi synchronous sórí FULL.

Ọ̀kan ṣì wà tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Transaction kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SELECT (kíkà), ó wá fẹ́ ṣe UPDATE (àtúnṣe). Tí ẹlòmíì bá ti kọ nǹkan láàárín méjèèjì, àṣìṣe á jáde lójú ẹsẹ̀, timeout yín ì báà jẹ́ wákàtí kan, torí ohun tí ẹni yẹn kà ti di ti àná. Ẹ lo BEGIN IMMEDIATE, tó ń gba ààyè kíkọ látìbẹ̀rẹ̀, fún gbogbo transaction tó bá máa kọ nǹkan. Rails 8 (irinṣẹ́ tá a fi ń kọ áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì), tó jáde lọ́dún 2024, ń ṣe é fúnra rẹ̀. Láti Django 5.1 (irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà), ẹ lè fi transaction_mode sí OPTIONS. Ẹ má sì pe API ìta (iṣẹ́ tó wà lórí server ẹlòmíì) láàárín transaction, ẹ̀yin lẹ máa di ọ̀nà mọ́ gbogbo ayé.

Ó tún máa ń gba ọ̀rọ̀ sínú column INTEGER, tó wà fún nọ́ńbà odindi, láìjanpata. Láti ẹ̀dà 3.37.0 ti ọdún 2021, ẹ fi STRICT sí ìparí CREATE TABLE (àṣẹ tó ń dá table) kó má bàa gbà á mọ́.

Ní ti backup, ẹ jìnnà sí cp (àṣẹ tó ń da fáìlì kọ) nígbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́, torí ohun tó wà nínú -wal lè má bá a lọ. VACUUM INTO 'backup.db' ló dáa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa lọ sí S3 (ibi ìtọ́jú fáìlì Amazon lórí íntánẹ́ẹ̀tì) láìdúró, Litestream ń ṣe ìyẹn.

Ibi tí kò ti bá a mu: server méjì tó fẹ́ jọ lo fáìlì kan náà. WAL kì í ṣiṣẹ́ lórí NFS (fáìlì tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ń pín lò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), torí gbogbo àwọn tó ń lò ó gbọ́dọ̀ jọ lo memory kọ̀ǹpútà kan náà. Tó bá sì jẹ́ inú container (àpótí tá a di áàpù sí) ló wà láìsí volume (ibi ìtọ́jú tó ń wà títí), ìgbà tẹ́ ẹ bá tún gbé ẹ̀dà tuntun síta ni dátà máa pòórá. Ẹni tó bá fẹ́ yí irú column padà náà á ṣiṣẹ́ díẹ̀: ALTER TABLE ò lè ṣe é, ẹ máa dá table tuntun, ẹ kó dátà sínú rẹ̀, ẹ pa ti àtijọ́, kẹ́ ẹ tó yí orúkọ. Django ń bá yín ṣe é lábẹ́lẹ̀, àmọ́ lórí table ńlá, kò sẹ́ni tó máa lè kọ nǹkan kan títí tó fi máa parí.